Ohùn Tó Sọ Wá Ní Dúró-ná

Bí ẹ bá jáde sí títì ní orílẹ̀-èdè wa, tí ẹ bi ẹni mẹ́wàá pé ibo ni orúkọ ìnagijẹ ilẹ̀ yìí ti wá, ìtàn mọ́kànlá lẹ máa gbọ́. Ọ̀kan á ní àwọn awakọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òmíràn á ní sójà ni. Ọ̀mọ̀wé kan tiẹ̀ bọ́ sórí rédíò lọ́jọ́ kan, ó ní inú ìwà sùúrù àwọn baba ńlá wa lorúkọ náà ti jáde. Díẹ̀ ló kù kí n ju sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ mi lu rédíò náà. Sùúrù wo? Ṣé sùúrù làwọn baba ńlá tèmi ní?

Dúró-ná ni wọ́n ń pè wá. Kò sí nínú ìwé ìjọba, kò sì sí lára owó, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Bí ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa bá gbá òmì, wọ́n á ní Dúró-ná tún ti dúró. Bí iná bá lọ, ẹnì kan á mí kanlẹ̀ nínú òkùnkùn, á ní, "Dúró-ná mà ni wá." Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló wá sọ ọ́ di orúkọ gidi. Bí méjì bá pàdé nínú ọjà àjèjì, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé, "Ìgbà wo lo kúrò ní Dúró-ná?" Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sára fìlà báyìí, àwọn èèyàn sì ń rà á.

Èmi mọ ibi tó ti wá. Ẹnu ìyá mi ló ti wá.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe, yàrá iwájú ilé ìyá mi ni mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, ẹ máa ní ọ̀dọ̀ àwa télọ̀ gan-an ló yẹ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti jáde. Àwọn oníbàárà mi ti fi yẹn bú mi dáadáa, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe télọ̀. Olùkéde ni ní ibùdókọ̀ rélùwéè, nígbà tí rélùwéè ṣì ń rìn.

Yàrá onígíláàsì kan ló máa ń jókòó sí lókè, ibi tó ti lè rí gbogbo èrò àti gbogbo irin. Yàrá náà kéré débi pé bí èèyàn méjì bá wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Àga kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, fáànù kan tí kì í yí sí ọ̀tún, agogo kékeré kan, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ní bọ́tìnì pupa nídìí, àti tẹlifóònù dúdú tí kò lọ síbòmíràn ju ibùdókọ̀ tó ṣáájú tiwa. Èmi àti àbúrò mi obìnrin máa ń wá síbẹ̀ bí a bá jáde níléèwé, a ó jókòó sábẹ́ tábìlì, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Tẹlifóònù á dún. Ìyá mi á gbé e, kò ní kí ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan péré ló máa ń bi wọ́n: "Ó ti gbéra?" Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ ti gbéra lọ́dọ̀ wọn, á lu agogo, á tẹ bọ́tìnì, ohùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ibùdókọ̀ kan: "Ẹ̀yin èrò wa, ẹ dúró ná, ó ń bọ̀." Ohùn ìyá mi tutù, ó sì kún. Ọmọ tó ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀ á dákẹ́ kó lè gbọ́. Àwọn alábàárù ibùdókọ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀, Ìyá Ohùn ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tó yá, irin bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sọ́nà. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ kéde pé ọkọ̀ kò wá mọ́, inú bí èrò, wọ́n fọ́ fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fa aṣọ ya mọ́ Ọ̀gá Téṣàn lára. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Téṣàn ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ pé ọkọ̀ kò wá.

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ná," ló wí. "Ó tán. Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á lọ."

Ìyá mi ò lè purọ́. Kì í ṣe pé ó dára ju gbogbo èèyàn lọ o, irọ́ ni kò mọ̀ ọ́n pa, bó bá pa á, ojú rẹ̀ á tú u fó. Ó ronú títí, ó wá rí ọgbọ́n kan dá sí i. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra lóòótọ́, á ní, "Ẹ dúró ná, ó ń bọ̀." Bí kò bá sí ọkọ̀, á ní, "Ẹ dúró ná," á sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ṣe ohun tí ọ̀gá ní kó ṣe, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ń bọ̀.

Àwọn alábàárù ló kọ́kọ́ mọ̀. Olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tí gbogbo ayé ń pè ní Èjìká, á tẹ́tí, bó bá ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìparí, á sọ ẹrù kalẹ̀, á nu òógùn, á máa lọ sílé. Àwọn tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ náà wá mọ̀ ọ́n. Àlejò nìkan ni kò mọ̀, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n gbé ọmọ dání. Nítorí tiwọn, ìyá mi á gbé kẹ́tù, á gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ pọn omi. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ máa lọ ilé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sùn síbí." Ọ̀gá Téṣàn ò mọ nǹkan kan. Ó máa ń sọ pé obìnrin yìí ń mu omi ju ẹ̀rọ ọkọ̀ lọ.

Báyìí la ṣe wà tó fi di ọjọ́ tí olórí ìlú fẹ́ wá fi ọkọ̀ tuntun ṣí ojú irin. Wọ́n kun ibùdókọ̀. Wọ́n to àga onítìmùtìmù sábẹ́ ìbòòji, àwọn ọmọ iléèwé to sínú oòrùn pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, àwọn ọlọ́pàá onífèrè ń fọn, wọ́n sì rán aṣọ tuntun fún àwọn alábàárù kí wọ́n lè dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àwọn oníròyìn rédíò gbé ẹ̀rọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn ibùdókọ̀, kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Tẹlifóònù dún. Abẹ́ tábìlì ni èmi àti àbúrò mi wà. Ìyá mi ní, "Ó ti gbéra?" Ó tún gbọ́ ọ dáadáa, ó wá yíjú sí Ọ̀gá Téṣàn tó dúró tì í. "Kò gbéra, sà. Ẹ̀rọ ti kú."

Òógùn bo ọkùnrin náà. "Sọ fún wọn kí wọ́n dúró ná," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ìyá mi lu agogo. "Ẹ̀yin èrò wa, ẹ dúró ná."

Àwọn alábàárù nínú aṣọ tuntun wo ara wọn. Èjìká ṣí fìlà, ó yíjú padà, ó sì ń lọ sílé, gbogbo àwọn yòókù tẹ̀ lé e níwájú àwọn ìjòyè ìlú. Oníròyìn tó wà lórí afẹ́fẹ́ pariwo pé, "Àwọn alábàárù mà ń lọ o! Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ o!" Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ohùn ìyá mi tún gba ẹnu rẹ̀: "Ẹ dúró ná." Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Oòrùn yí kúrò lórí àwọn ọmọ iléèwé, ó bọ́ sórí àwọn ìjòyè, ó ṣì ń sọ ọ́. Gbogbo ilé tó ní rédíò ló gbọ́ ọ, láti etí òkun títí dé ẹnubodè.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọdé ti ń fi imú sín in jẹ ní títì. Kò pẹ́ tó fi dé ẹnu àgbà. Ìgbà tí ọdún fi máa yí, a kì í tún pe orúkọ orílẹ̀-èdè wa mọ́ àfi níbi ìsìnkú àti nílé ẹjọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èyí tó balẹ̀ lọ́jọ́ náà ò ṣeé kó mọ́.

Wọ́n fẹ́ lé ìyá mi kúrò níṣẹ́. Ọ̀gá Téṣàn kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Olú iléeṣẹ́ fèsì pé kó dúró ná. Ìyá mi máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí rélùwéè kú pátápátá, tí ìyá mi padà sílé. Ẹ̀rín náà dín kù. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí wọ́n ta ọṣẹ fún òun, ẹnì kan á dá ohùn náà mọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan." Kò sọ ọ́ fún wọn rí. Ọjọ́ kan ló wí fún mi bí mo ṣe ń wé aṣọ oníbàárà, pé, "Èmi kọ́ ni mo dá ọkọ̀ dúró." Mo ní, "A mọ̀, Màmá." Ó ní, "Ẹ̀yin mọ̀."

Àbúrò mi, Kíá là ń pè é. Ojú ọ̀nà ni ìyá mi bí i sí, kò dúró kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì tó pàdé wọn lọ́nà ló ní, "Ọmọ yìí mà yá, kíá ló ń fẹ́ nǹkan," orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ó jáde ìwé, ó gboyè, wọ́n ní iṣẹ́ wà fún un, kó máa retí wọn. Ó retí. Ó ń bá mi gé òwú, ó ń bá mi gán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, ojú rẹ̀ ń le sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó ti oúnjẹ. Ìyá mi ní, "Sùúrù ni baba ìwà, ọmọ mi. Dúró ná."

Kíá ti abọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀yin lẹ sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Dúró-ná," ló wí. "Ẹ ò ní sọ èmi náà bẹ́ẹ̀."

Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo. Ìyá mi dìde, ó kó abọ́, ti Kíá tí kò tíì jẹ tán wà nínú ẹ̀. Kíá lọ sókè òkun láàárín ọdún yẹn, ìyá mi gbàdúrà fún un lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ò wo ojú ara wọn.

Èmi ni Kíá ń pè láti ibẹ̀. Bí fóònù bá dún, ìyá mi á wá sídìí ẹ̀rọ mi, á máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tí mo ti kì bọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, á ní, "Ó ti jẹun?" Kò sọ pé kí n gbé e fún òun. Kíá náà á bi mí pé, "Ṣé ara Màmá le?" Kò sọ pé kí n gbé e fún wọn. Orí kunkun kan náà ló pín sí méjì. Abẹ́rẹ́ máa ń gún mi lọ́wọ́ nítorí ìbínú àwọn méjèèjì, mi ò sì rí èyí tí mo lè nà nínú wọn.

Àyà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá mi. Ohùn tó gba gbogbo ibùdókọ̀ wá di èyí tí mo ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ wa máa ń yà lójoojúmọ́ láti wò ó. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ẹ pe àbúrò yín. Kí ẹ má fi falẹ̀ o."

Mo pè é. Kò bi mí ní nǹkan kan. "Mò ń bọ̀," ló wí, ó sì pa fóònù.

Mo wọlé lọ bá ìyá mi. "Màmá, Kíá ní òun ń bọ̀ wá rí yín."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wo tẹlifóònù dúdú yẹn. "Ó ti gbéra?"

"Rárá, Màmá. Ó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì."

"Bó bá ti gbéra, sọ fún mi."

Láti ìgbà yẹn, ìbéèrè tó fi ń jí nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n di irun òun. Ó ní kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Kíá, mo tẹ́ ẹ, ó ní kí n tún un tẹ́, pé etí aṣọ náà wọ́. Èjìká, tó ti di arúgbó tí kò lè gbé ju ọ̀pá rẹ̀ lọ, ń wá jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà yàrá lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ àwọn èrò àtijọ́. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó mi orí. "Ọmọ yẹn ló ń gbé Màmá ró," ló sọ fún mi. "Kó yáa tètè dé."

Kíá pè pé òun ti wọ bàálù àkọ́kọ́, pé òun á sọ̀ ní ìlú kan lọ́nà, òun á sì wọ òmíràn tó ń bọ̀ wá sílé. Mo sáré wọlé. Mo ní, "Màmá, ó ti gbéra!"

Inú rẹ̀ dùn, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òun ni iṣẹ́ òun. "Ibùdó tó kẹ́yìn la ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀," ló wí. "Bó bá gbéra níbẹ̀, ìgbà yẹn ni ká tó sọ pé ó ń bọ̀." Èjìká rẹ́rìn-ín lórí àga, ó ní, "Ìyá Ohùn ò yí padà o."

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì wò ó, ó jáde sí mi ní yàrá iwájú, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Kò tíì jókòó síbẹ̀ rí. "Òní ni, Àǹtí," ló wí. "Mi ò rò pé wọ́n á rí ọ̀la."

Fóònù mi dún bó ṣe ń sọ ọ́. Kíá ni. Ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí mi, àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú ibí ti da iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí bàálù tó ń gbéra. Ilẹ̀ la sùn sí mọ́jú."

"Títí dìgbà wo?"

"Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wọ́n ní ká dúró ná." Ó bú sẹ́kún. "Àǹtí mi, Dúró-ná tí mo sá fún, ó ti jókòó síbí dè mí."

Mi ò sọ fún un ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Mo ní kó jẹ́ kí fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń fi ọwọ́ nu ojú, mo ń kọ́ ara mi ní ohun tí mo máa sọ. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni: Ẹ dúró ná, ó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì wí fún mi níbẹ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìyá mi fi ìdùnnú lọ ni mo fẹ́, kí ó rò pé ọmọ òun ti wà lójú ọ̀run.

Mo wọlé. Èjìká wà lórí àga rẹ̀. Ìyá mi yí ojú sí mi.

"Ó ti gbéra?"

"Màmá," ni mo wí, "ẹ dúró ná."

Ìyókù kò jáde. Mo la ẹnu, mo tún un là. Etí èmi fúnra mi ló kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìparí. Èjìká náà gbọ́. Mo rí i tó ṣí fìlà, tí ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sí èjìká, bí ìgbà tó máa ń sọ ẹrù kalẹ̀.

Ìyá mi ń wo àjà. Ó wò ó títí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

"Bá mi bu omi," ló wí.

Mo bu omi wá. Kò mu ún. Ó kàn fi ìka mú ife náà lórí àyà rẹ̀. "Pè é," ló wí.

Mo pe Kíá, mo sì gbé fóònù sí ìyá mi lẹ́nu. Ó ha ọ̀fun, bó ṣe máa ń hà á kó tó lu agogo. Ohùn náà kò ju èémí lọ mọ́, ṣùgbọ́n òun náà ni, ó tutù.

"Kíá. Máa lọ ilé. Má sùn síbẹ̀ yẹn."

Kíá ti jókòó sábẹ́ tábìlì yẹn pẹ̀lú mi. Ó mọ àwọn tí ìyá wa máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún.

"Rárá o, Màmá," ló wí. "Mi ò lọ síbì kankan. Màá dúró. Ẹ gbọ́ mi? Màá dúró!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni nítorí pé mo súnmọ́ ọn. "Orí kunkun," ló wí, ó sì di ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó lọ nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń ti iléèwé bọ̀, ariwo wọn kún ojú fèrèsé. Fóònù ṣì wà lórí ìrọ̀rí, Kíá ṣì ń sọ nínú rẹ̀ pé, "Màmá, mo wà níbí o. Mo wà níbí." Mo gbé fóònù náà. Èjìká ló gbà á lọ́wọ́ mi.

"Kíá, ọmọ mi," ló wí. "Sọ ẹrù kalẹ̀."

Igbe tí Kíá ké, gbogbo àwa tó wà nínú yàrá la gbọ́ ọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ náà padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ a ti sin ìyá wa kó tó ṣẹlẹ̀. Mo lọ pàdé Kíá ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti rù, àpótí kan ṣoṣo ló gbé. A dì mọ́ ara wa, a wọ takisí. Awakọ̀ náà dé ọ̀kan nínú àwọn fìlà yẹn. Ó wò wá nínú jígí, ó rí àpótí, inú rẹ̀ dùn sí wa.

"Ẹ káàbọ̀ sí Dúró-ná o!" ló wí. "Ṣé ẹ mọ ibi tórúkọ yẹn ti wá? Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi láti bú u. Kíá di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́," ló sọ fún un, "ẹ gba ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́."

Koríko ti bo irin níbẹ̀. Gíláàsì yàrá òkè ti fọ́ tán, a rí òfurufú láti apá kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì àwọn èrò ṣì wà, oníkọnkéré ni, kò sẹ́ni tó lè jí i gbé. Kíá gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó tì í.

"Màmá ní kí n máa lọ ilé," ló wí. "Mi ò gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu."

"Ìgbà wo lo gbọ́rọ̀ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún náà ràn mí. A sunkún dáadáa níbẹ̀, àwa méjèèjì, bí àwọn tí ọkọ̀ fi sílẹ̀. Awakọ̀ fọn fèrè, ó tún fọn ọ́n, ó wá jáwọ́. Ojú Kíá wà lápá ibi tí ọkọ̀ máa ń gbà yọ. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, Kíá kò dìde.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kíá, jẹ́ ká máa lọ ilé. Má sùn síbí."

"Ta ló wà nílé?"

"Bẹ́ẹ̀dì rẹ wà ní títẹ́," ni mo wí. "Màmá ló ní kí n tẹ́ ẹ. Ó ní kí n tún un tẹ́."

Ó wò mí. Ó wá dìde, ó na ọwọ́ sí àpótí, mo ti gbé e. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Mo gbé e sí èjìká, a sì lọ ilé.